Ìjì tó ń ṣí páànù yàtọ̀ sí òjò tó ń gbé afárá lọ

Bí oṣù Kẹta bá ti ń parí lọ lọ́dọọdún, fídíò kan náà ló máa ń kún orí WhatsApp: páànù ilé ìwé tó ṣí kúrò lórí ògiri tó ń fò lọ, igi máńgòrò tó wó lu ọkọ̀, òpó iná tó sùn gbalaja sójú títì. Ẹni tó ń ya fídíò á máa pariwo "Jésù! Jésù!", ẹni tó fi ránṣẹ́ á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé hurricane ti wọ Ọ̀yọ́. Tó bá wá di oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ, fídíò á yí padà: àgbàrá ló ń wọ́ mọ́tò lọ, odò ló gba orí afárá kọjá, àwọn èèyàn gun orí àga nínú pálọ̀ ara wọn. Orúkọ kan ṣoṣo la sì ń pe gbogbo rẹ̀: òjò ńlá.

Òjò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí tó ń ṣí òrùlé kì í sábà pẹ́ nílẹ̀ débi táá fa omíyalé tó le, èyí tó ń fa omíyalé sì lè rọ̀ tilẹ̀ fi mọ́ láì ṣí páànù ẹyọ kan. Àsìkò wọn yàtọ̀, ohun tó ń bí wọn yàtọ̀, bí èèyàn ṣe ń múra dè wọ́n náà yàtọ̀. Àwọn kan á ní kí ló kàn wọ́n nínú ìyẹn, òjò ni òjò ń jẹ́. Ẹ ní sùúrù.

Orí afẹ́fẹ́ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá wà láàárín afẹ́fẹ́ méjì tí ìwà wọn ò jọra. Ọ̀kan ń ti ojú òkun wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, omi ló kún inú rẹ̀. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti àríwá ìlà-oòrùn, ó gbẹ táútáú, eruku ló ń gbé bọ̀. Òun là ń pè ní ọyẹ́. Ojú ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró síbì kan. Nínú oṣù Kínní, ó máa ń sún mọ́ etí òkun. Ìgbà yẹn ni ètè ń gbẹ, tí ẹsẹ̀ ń funfun ní Ìbàdàn. Láti oṣù Kejì ló ti máa ń padà sí àríwá díẹ̀díẹ̀, nígbà tí oṣù Kẹjọ bá sì fi máa dé, ó ti kọjá Kánò, ó ti wọ ilẹ̀ Nìjẹ̀r. Lẹ́yìn náà ni yóò tún yí padà wálé, àbọ̀ rẹ̀ a sì máa yá ju àlọ rẹ̀ lọ.

Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu pé ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé gan-an, òjò kì í rọ̀ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ló ń wọ abẹ́ ti aṣálẹ̀, nítorí pé ó tutù jù ú, ó sì wúwo jù ú. Nítòsí ojú ìpàdé wọn, pẹlẹbẹ ni, kò ga kúrò nílẹ̀ tó láti gbé ìkùukùu òjò dìde. Bí a bá ṣe ń bọ̀ sí gúúsù ló ń nípọn sí i, títí a ó fi dé ibi tí ọ̀rinrin ìsàlẹ̀ ti pọ̀ tó láti bí ìkùukùu àrá, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì tún wà lókè orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ibẹ̀ ní ìgbànú ìjì. Bí a bá tún sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù sí i, ọ̀rinrin ti gba ìsàlẹ̀, ó ti gba òkè. Ibẹ̀ ni ìgbànú òjò tó ń rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ tí kò bá ẹ̀fúùfù púpọ̀ rìn.

Gbogbo ìgbànú wọ̀nyí ló jọ ń rìn pọ̀. Ìgbànú ìjì máa ń gba orí wa kọjá láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún nígbà tó bá ń lọ sókè, ó sì tún máa ń gba orí wa kọjá láti ìparí oṣù Kẹsàn-án wọ oṣù Kọkànlá nígbà tó bá ń padà bọ̀. Láàárín méjì yẹn, ìgbànú òjò pípẹ́ ló wà lórí wa. Ìdí nìyẹn tí òrùlé fi ń ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí òjò, tí omíyalé sì ń jẹ́ ti agbedeméjì. Ní Kánò àti Sókótó, àárín òjò gan-an, oṣù Keje sí Kẹjọ, ni ìjì tiwọn ń jà, nítorí ìgbà yẹn ni ìgbànú náà wà lórí wọn.

Bí ìjì náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Ooru ọ̀sán á gbé afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin sókè, ìkùukùu á ga, á ga, ó lè ju kìlómítà 15 lọ kúrò nílẹ̀. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó wà ní bíi kìlómítà mẹ́ta sí márùn-ún kọjá. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn á fa lára omi òjò náà mu, ìyẹn á sì mú kí òun fúnra rẹ̀ tutù lójijì. Afẹ́fẹ́ tó bá tutù ju àwọn tó yí i ká lọ a máa wúwo, èyí tó bá sì wúwo a máa já lulẹ̀. Tó bá wá balẹ̀, kò ríbi lọ mọ́, ló bá fọ́n ká, bí ìgbà téèyàn da odindi korobá omi sórí sìmẹ́ńtì. Ohun tó ń gbá ilẹ̀kùn yín pa nìyẹn. Inú ìkùukùu ló ti wá.

Ó tún ku ohun kan tó ń fún un lágbára. Ní òkè níbẹ̀, ẹ̀fúùfù kan wà tó ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, tó máa ń sáré tó kìlómítà 40 sí 60 láàárín wákàtí kan. Bí afẹ́fẹ́ tútù náà ṣe ń já bọ̀, ó ń gbé eré yẹn bọ̀ wálẹ̀. Nígbà tó bá ń ti ara rẹ̀ síwájú sí ìwọ̀-oòrùn, yóò máa ta afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà níwájú rẹ̀ sókè, ìkùukùu tuntun á sì máa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ bí àwọn ti ẹ̀yìn ṣe ń kú. Báyìí ni yóò ṣe di ìlà kan gbọọrọ, tó lè gùn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà láti àríwá sí gúúsù, tí gbogbo rẹ̀ á máa rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní bíi kìlómítà 50 sí 60 láàárín wákàtí kan. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán lórí òkè Jọs tàbí lórí àwọn òkè Adámáwá lè dé Ìlọrin tàbí Ìbàdàn ní òru. Kò sí ohun tó bí i ní Ìbàdàn rárá, ó kàn ń kọjá lọ ni.

Ẹ tún wo bó ṣe ń dé. Ọ̀sán ti mú, gbogbo ara ń là lóòógùn. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ń fẹ́, láti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ lọ sí ìlà-oòrùn, bẹ́ẹ̀ ìlà-oòrùn yẹn náà ni òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wò ó, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ ti ń gbé òjò lọ, kò ní rọ̀ níbí. Irọ́ ni. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ń lọ bọ́ ìkùukùu náà ni, ìkùukùu sì ń tẹ̀lé ẹ̀fúùfù òkè, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ewé kan ò ní mì mọ́. Ìkùukùu dúdú kan á yọ nísàlẹ̀, á nà láti ìkángun kan dé ìkejì, eruku pupa á máa dìde lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà afẹ́fẹ́ á yí bìrí, á máa fẹ́ láti ìlà-oòrùn, á tutù nini. Ìwọ̀n ooru lè fi ipele márùn-ún sí mẹ́wàá lọ sílẹ̀ kí èèyàn tó kó aṣọ orí okùn tán. Òjò ò tíì kán o. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹ̀kán ńláńlá á tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. Èyí tó le jù níbẹ̀ kì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, tó kù á wá di òjò wẹ́ẹ́rẹ́ tí àrá á máa kùn lọ́ọ̀ọ́kán. Òrùlé tó máa ṣí ti ṣí tipẹ́.

Àwọn àgbà wa rí ètò yìí kedere. Wọ́n ní Ọya ló ń ṣáájú, Ṣàngó ní ń tẹ̀lé e. Oríkì Ọya náà ò fi bọpo bọyọ̀: ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́ tí í dági lókè lókè. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wo ìjì dáadáa kó tó lanu.

Ó wá kan páànù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé títì ni ẹ̀fúùfù ń ti òrùlé. Ó ń tì í lóòótọ́, àmọ́ fífà ló ń fà á jù. Bí ẹ̀fúùfù bá ń sáré gba orí òrùlé kọjá, afẹ́fẹ́ orí páànù kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́ tó bí ti inú ilé ṣe ń tì í sókè, pàápàá ní etí àti ní igun. Bí fèrèsé tó kọjú sí ìjì bá tún ṣí sílẹ̀, ẹ̀fúùfù á wọlé, á máa ti páànù láti abẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Páànù alumíníọ̀mù tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.45, èyí tó wà lórí ọ̀pọ̀ ilé tuntun, kò wúwo ju bíi kílò kan àtààbọ̀ lọ fún ìwọ̀n mítà kan ní òró, mítà kan ní ìbú. Ẹ̀fúùfù tó ń sáré kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan lè fa ìwọ̀n kan náà yẹn sókè pẹ̀lú agbára tó tó 40 kílò. Eré ẹ̀fúùfù tó bá sì di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìṣó ló ń di gbogbo ìyẹn mú, àti ohunkóhun tó bá so igi òrùlé mọ́ ògiri.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Àwọn káfíńtà kan a máa fi wáyà tín-ín-rín de igi tí wọ́n tẹ́ sórí ògiri, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ dè é rárá, wọ́n gbójú lé ìwúwo òrùlé. Nígbà tí ìjì bá dé, odindi òrùlé pẹ̀lú igi rẹ̀ ló máa gbéra, tí wọ́n á lọ bá a nínú oko ẹlòmíì. Ilé ìwé ìjọba ló ń jìyà rẹ̀ jù, ìdí rẹ̀ ò sì jìnnà: kíláàsì gùn, fèrèsé kò ní ìlẹ̀kùn, kò sí àjà, àárín pápá ló wà tí igi kan ò bò ó. Ìdáàbòbò tó dára jù níbẹ̀ kò wọ́nwó. Kí bíríkìlà ti fi irin sínú kọ̀ǹkéré orí ògiri nígbà tó ń kọ́lé lọ́wọ́, kí káfíńtà ká irin náà mọ́ igi, kí ìṣó etí òrùlé pọ̀ ju ti àárín lọ. Ilé tó ti wà nílẹ̀, oṣù Kejì ló yẹ kí wọ́n gun orí rẹ̀ lọ wò ó, torí pé ìjì oṣù Kẹta kì í fúnni lọ́jọ́.

Ní ti hurricane tí wọ́n ń kọ sábẹ́ fídíò, kò sí i níbí. Hurricane, ìyẹn ìjì ńlá tó ń bẹ̀rẹ̀ lójú òkun, nílò òkun gbígbóná, ó sì nílò agbára yíyí tí ayé ń yí, agbára yẹn ò sì tó nǹkan nítòsí ìlà agbedeméjì ayé tí òkun Guinea wà. Àmọ́ ẹbí ni wọ́n. Ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń ti ìlà-oòrùn Áfíríkà gba orí wa kọjá, tó ń ru ìjì sókè níbí, kì í kú tó bá dé etí òkun Senegal. Òun ló ń di irúgbìn fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn hurricane tó le jù tó ń kọlu Kúbà àti Florida. Ọya tí àwọn ẹrú Yorùbá gbé dé Kúbà, kò ṣàjèjì sí ojú ọjọ́ ibẹ̀ rárá.

Tornado ńkọ́? Ìyẹn á máa yí po, ọ̀nà tóóró ló sì ń gbà. Ẹ̀fúùfù tiwa gbọọrọ ló ń fẹ́. Ẹ fẹ́ dá wọn mọ̀ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí? Ẹ wo àwọn igi tó wó. Tí gbogbo wọn bá kọrí síbì kan náà, tàbí tí wọ́n fọ́n láti ojú kan jáde, afẹ́fẹ́ tó já láti inú ìkùukùu ni. Tí wọ́n bá wó lé ara wọn lóríṣiríṣi, tí ilé àárín wó tí ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò ṣe nǹkan kan, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí tornado.

Afẹ́fẹ́ tó ń já lulẹ̀ yìí kan náà ló ń pa bàálù. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbéra á kọ́kọ́ pàdé ẹ̀fúùfù tó ń bọ̀ lójú rẹ̀, á gbé e sókè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ̀fúùfù ọ̀hún ti di ti ẹ̀yìn, ọkọ̀ á ṣàdédé pàdánù ohun tó gbé e dúró. Nígbà tí bàálù kan já ní New York ní ọdún 1975, tí èèyàn 113 kú, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò gbà pé irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ted Fujita ló yẹ̀ ẹ́ wò tó sì ṣàlàyé rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, bàálù iléeṣẹ́ ADC tó ń lọ sí Sókótó já ní kété tó gbéra ní Abuja nínú irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára àwọn tó kú. Oṣù Kẹwàá, ìparí òjò. Ìgbànú ìjì ló ń padà lọ.

Àrá ńkọ́? Àwọn òjò méjèèjì ló lè ní in, ìjì ló sì máa ń ní in jù. Mo fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí ó ń pa èèyàn, ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ sì pọ̀ ju òtítọ́ lọ. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, màlúù 36 kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí Òkè Ọ̀wá ní Ìjàrẹ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ni ibẹ̀, àwọn ará ìlú sì sọ pé òrìṣà ló bínú. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́. Ohun tí mo lè ṣàlàyé ni bí iye yẹn ṣe lè kú papọ̀, torí ọ̀pọ̀ ló béèrè pé ṣé àrá ń ka ẹran ni. Tí àrá bá sán lu igi tàbí ilẹ̀, iná rẹ̀ kì í dúró lójú kan, ó máa ń gba inú ilẹ̀ tàn ká, agbára rẹ̀ á sì máa dínkù bó ṣe ń jìnnà. Màlúù tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ àti ti ẹ̀yìn jìnnà síra, orí ilẹ̀ tí agbára iná rẹ̀ ò dọ́gba ló dúró lé. Iná á gba ẹsẹ̀ kan wọlé, á gba àyà kọjá, á gba ẹsẹ̀ kejì jáde. Gbogbo èyí tó bá sì dúró nítòsí ló máa ṣe bẹ́ẹ̀. Lórílẹ̀-èdè Norway, nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ẹran 323 tó jọ àgbọ̀nrín ló kú báyìí lórí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Hardangervidda. Òkè gíga, ilẹ̀ tútù, ẹran tó kóra jọ.

Ohun náà ló jẹ́ kó dára kí ẹni tí ìjì ká mọ́ pápá pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kó lóṣòó, kó má ṣe nà gbalaja sílẹ̀, kó má sì lọ fara pamọ́ sábẹ́ igi. Inú mọ́tò tó ní òrùlé irin dára ju abẹ́ igi lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, torí iná á gba ara irin kọjá sílẹ̀. Àwọn ìyá wa ní ká fi aṣọ bo dígí, ká má wọ aṣọ pupa. Dígí ò pe àrá, aṣọ pupa ò pè é. Ohun tó ń pè é ni ohun gíga àti irin gígùn. Ìyá kan náà tó ní ká bo dígí ló tún ní ká pa rédíò, ká yọ wáyà kúrò lára ògiri, ká kúrò lójú fèrèsé. Níbẹ̀, ó tọ̀nà pátápátá. Ẹ tún lè fi etí wọn ibi tí àrá wà. Bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, ẹ kà títí ẹ ó fi gbọ́ ìró. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta dúró fún kìlómítà kan. Tí kò bá pé 30, ó ti sún mọ́ yín jù, ẹ wọlé.

Kí n sọ èyí tó le. Ẹni tí àrá bá sán pa, àṣà wa ni pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí àwọn Mọ́gbà, ìyẹn àwọn àwòrò Ṣàngó, á fi dé ṣe ètùtù. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣubú yẹn lè má tíì kú. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí àrá ń sán lù ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló ń yè. Kò sí iná kankan tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ tó lè gbé ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọkàn rẹ̀ tó dákẹ́ lè tún bẹ̀rẹ̀ tí ẹnì kan bá tètè ń tẹ àyà rẹ̀ lemọ́lemọ́ títí ẹ ó fi gbé e dé ọsibítù, àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọpọlọ, ó ti ń bàjẹ́. Ètùtù lè dúró de ìyẹn.

Ní báyìí, òjò kejì. Ìbàdàn ló mọ̀ ọ́n jù. Ní ọjọ́ Àìkú 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún kọjá bèbè rẹ̀, ó gba àárín ìlú, ó sì gbé èèyàn tó ju 200 lọ. Odò yìí ti ṣe irú rẹ̀ rí ní ọdún 1978. Láti ìgbà yẹn, tí àgbà Ìbàdàn bá ti sọ pé "ọdún Ògùnpa", ẹ mọ ọdún tó ń wí. Ìjọba ní àwọn máa fi kọ̀ǹkéré ṣe ojú odò náà, iṣẹ́ yẹn sì fa ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn ọdún 31, ní ọjọ́ Ẹtì 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò mìíràn rọ̀. Èèyàn tó ju 100 lọ ló kú, afárá Apẹ̀tẹ̀ àti àwọn mìíràn já, omi wọ inú Yunifásítì Ìbàdàn.

Òjò ọjọ́ yẹn tó mìlímítà 187.5 láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ á ní kí ni mìlímítà já mọ́? Mìlímítà kan ni lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní òró àti ní ìbú. Nítorí náà 187.5 jẹ́ kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méje àtààbọ̀, lórí ibi tí ẹ lè fi àga kan sí. Lórí púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ó ju lítà 100,000 lọ dáadáa: ó ju táńkà omi onílítà 10,000 mẹ́wàá lọ. Ẹ wá ka iye púlọ́ọ̀tì tó wà láti orí òkè Màpó dé ibi tí odò ń gbà. Ìlú orí òkè ni Ìbàdàn, gbogbo omi yẹn ló ń sáré wá sí ojú kan náà, orí páànù àti sìmẹ́ńtì ló sì ń gbà, tí ilẹ̀ ò lè fa nǹkan kan mu nínú rẹ̀. Ní Èkó, ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011 kan náà, ó lé ní mìlímítà 230.

Kí ló dé tó jẹ́ oṣù Kẹjọ? Ṣebí oṣù Kẹjọ ló yẹ kí òjò sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà yẹn, torí pé omi òkun tó wà ní etí Ghana àti Côte d'Ivoire máa ń tutù, ìgbànú òjò náà sì ti sún sí àríwá. Àmọ́ ìsinmi yẹn kò ní ọjọ́ tó dì mú, ìparí oṣù náà gan-an sì ni òjò máa ń gbéra padà. 26 àti 31: ẹ wo àwọn ọjọ́ náà. Ilẹ̀ tún ti mu omi yó láti oṣù Kẹfà. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù wà nínú ìrìn. Ìjì oṣù Kẹrin ń sáré, ó ń kọjá lọ kó tó tú gbogbo ohun tó gbé dání sílẹ̀ síbì kan. Nígbà tí ẹ̀fúùfù òkè ò bá lágbára láti tì í, ìkùukùu kan á rọ̀ tán, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ ní ojú ibẹ̀ gan-an, òmíràn á tún tẹ̀lé e. Òjò tí kò kánjú ló ń pa ìlú.

Yorùbá ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé ní Ìbàdàn ti ń gbà fún un fún ọdún pípẹ́: ilé dé bèbè odò, ìdọ̀tí dí ojú gọ́tà, wọ́n sì ń fi ojú odò pa kún púlọ́ọ̀tì. Banki Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé Ìbàdàn ní ọdún 2014, wọ́n tún àwọn afárá àti ojú omi kan ṣe. Ìyẹn dára. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lálẹ́ ọjọ́ òjò ṣì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé omi tó ń sáré tí kò ga ju ìwọ̀n 30 sẹ̀ntímítà lọ lè gbé mọ́tò kékeré. Kò tó orúnkún.

Ṣé ìjì ń pọ̀ sí i ni? Lágbègbè Sahel lókè àríwá wa, àwòrán sátẹ́láìtì fi hàn pé irú ìjì tó le jù ti di ìlọ́po mẹ́ta láti ọdún 1982. Sahel ni o, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí fún Abẹ́òkúta. Níbí, ohun tó dájú ni pé òrùlé tó wà láti ṣí àti ilé tó wà lójú àgbàrá ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ.

NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, máa ń kéde àsọtẹ́lẹ̀ lójoojúmọ́, sátẹ́láìtì sì ń rí ìlà ìjì láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí kò ráyè fún ìyẹn lè lo fóònù rẹ̀. Láti Lọ́kọ́ja sí Àkúrẹ́ jẹ́ bíi kìlómítà 180 ní ojú ọ̀run, láti Àkúrẹ́ sí Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bíi 145. Gbogbo ìlà kọ́ ló ń yè dé òpin, àwọn kan a máa kú lójú ọ̀nà. Àmọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín ní Àkúrẹ́ bá pè yín ní agogo méje alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin pé ìjì ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn ní bíi wákàtí méjì ààbọ̀ láti gbé mọ́tò kúrò lábẹ́ igi, kẹ́ ẹ ti fèrèsé, kẹ́ ẹ sì yọ tẹlifíṣọ̀n lára iná.